Ọwọ́ tí Rọpárọsẹ̀ Mú, àti Bí a Ti Ń Gbà á Padà ní Ìbíní

Ní ìlú Ìbíní, níbi tí àwọn baba ńlá ti gbà pé orí ni ó ń darí ìpín ènìyàn ṣùgbọ́n pé ọwọ́ ni ó ń sọ ìpín náà di ohun tí a lè fojú rí, wọ́n a máa bọ ọwọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń bọ orí. Ikegobo ni wọ́n ń pe ojúbọ náà: ó rí róbótó, àwòrán ènìyàn àti ẹranko sì wà lára rẹ̀ yí ká, igi ni ti ẹni tí ó bá ti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ là, idẹ sì ni ti Ọba àti ti ìwọ̀nba ìjòyè tí Ọba bu iyì fún, irú èyí tí a rọ fún Ezomo Ehenua, akọni ológun Uzebu, tí ó fi agbára apá rẹ̀ gbé ìtẹ́ Ọba Akenzua Kìíní ró nígbà tí ọ̀tẹ̀ dìde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwa Yorùbá náà ń wí. Nítorí náà, nígbà tí rọpárọsẹ̀ bá kọlu ẹni tí a tọ́ dàgbà nínú irú ìgbàgbọ́ yìí, tí ọwọ́ tí ó fi ń gbẹ́ eyín erin, tí ó fi ń ka owó ọjà, tí ó fi ń súre lé ọmọ lórí, bá rọ jọwọrọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láàrin òru kan ṣoṣo, ẹ̀rí gbogbo ohun tí ó ti gbé ṣe láyé ni ó ń wò bí ó ti ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn ará àtijọ́ kò káwọ́ lẹ́rán. Àwọn Ewaise, ẹgbẹ́ oníṣègùn Ọba Ìbíní, àti àwọn oníṣègùn àdúgbò tí Osun, òòṣà ewé àti egbò, ń gbè, ni a ń sá tọ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, adáhunṣe a sín gbẹ́rẹ́, a fi àdín tàbí òrí para, a fi omi gbígbóná jó apá náà, a sì wá ẹni tí ó ta ọfà náà kiri, nítorí pé àrùn tí ó gbé ni ṣánlẹ̀ láìsí ibà, láìsí ọgbẹ́, ta ni kò ní fura sí i? Èmi kò ní fi ọwọ́ rọ́ àwọn ìtọ́jú wọ̀nyí sẹ́yìn pátápátá, torí pé ọwọ́ tí a bá ń fi òróró ra lójoojúmọ́, tí a ń nà, tí a ń ká, oríkèé rẹ̀ kì í tètè gan. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní jàǹbá, nítorí ọwọ́ tí kò mọ iná mọ́ kò lè fà sẹ́yìn títí awọ rẹ̀ yóò fi bó. Inú agbárí ni ìjà náà sì wà ní tòótọ́, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti dí tàbí tí ó ti bẹ́, tí apá ibi tí ń pàṣẹ fún ọwọ́ nínú ọpọlọ sì kú.

Ìtọ́jú tuntun tí ó wá dé náà kò ti ọ̀dọ̀ ọpọlọ bẹ̀rẹ̀. Ogun Hitler ni ó gbé e wá. Ní ọdún 1945, nígbà tí àwọn ọmọ ogun wa ń ti Bọ́mà bọ̀ pẹ̀lú eegun fífọ́ àti apá gígé, òyìnbó méjì, Miss Manfield àti Mr Williams, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí àwọn ará ọsibítù ń pè ní físíò ní ọsibítù eegun Igbobi l'Ékòó. Ní 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní iṣẹ́ náà títí dé ojú oyè. Ìbíní kò pẹ́ dìde. Ogbemudia, gómìnà ológun tí kò fẹ́ kí ohunkóhun tí ó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn ṣaláì sí ní tirẹ̀, dá ilé ẹ̀kọ́ tí ó di Yunifásítì Ìbíní sílẹ̀ ní 1970, a sì ṣí ọsibítù ńlá rẹ̀ ní Ugbowo ní oṣù karùn-ún 1973. Ní ọdún yẹn gan-an ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí forúkọ àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú ní Ìbàdàn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàrin ọdún méjì wọ́n rí 318, ìyẹn ni pé ènìyàn 26 nínú 100,000 lọ́dún, ẹnu àwọn tí ń sọ pé àrùn òyìnbó ni sì wọhò.

Síbẹ̀, kíkà lọ́tọ̀, wíwò lọ́tọ̀. Ó pẹ́ kí àwọn dókítà ayé tó gbà pé a lè rà ju ẹsẹ̀ lọ padà: bí aláìsàn bá ti lè rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní ó yè, wọ́n á sì fi ọwọ́ sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ó dùn mí pé ìmọ̀ tí ìbá ti tètè gba àwọn aláìsàn ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1917, nígbà tí ará Amẹ́ríkà méjì, Ogden àti Franz, fi hàn lára ọ̀bọ pé bí a bá so apá tí ó yè, tí a sì fi ipá mú èyí tí ó kú ṣiṣẹ́, yóò padà wá sí ipò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi sí ẹni tí ó tẹ̀lé e. Ní àárín àwọn ọdún 1940 ni Berta Bobath, obìnrin tí ó sá kúrò ní Jámánì wá sí Lọ́ńdọ̀nù, tọ́jú olùyàwòrán kan tí àrùn náà mú; Bobath kọ̀ láti ṣe bí àṣà, èyí tí í ṣe kíkọ́ apá tí ó yè láti máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ó sì tẹra mọ́ apá tí a ti pa tì. Ní 1951 ni dókítà Twitchell sì kọ bí ọwọ́ ti ń padà wá sílẹ̀: dídì ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀, ó sì pẹ́ kí ó tó mọ ṣíṣí.

Ṣíṣí yìí ni ẹrù iṣẹ́ náà, ó sì yẹ kí ẹni tí kò rí i rí mọ bí ó ti rí. Ọwọ́ tí ó kọ́kọ́ rọ a máa dì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àtàǹpàkò á wọ abẹ́ ìka mẹ́rin, èékánná á máa gún àtẹ́lẹwọ́. Olùtọ́jú kì í já ìka náà gbà, nítorí bí ó bá yára, ńṣe ni yóò túbọ̀ dì. Yóò gbé apá náà lé orí tábìlì, yóò kọ́kọ́ tẹ ọrùn ọwọ́ wálẹ̀ kí ìka lè dẹ̀, yóò fa àtàǹpàkò jáde láti ìdí rẹ̀, yóò sì dúró. Ó lè dúró títí ẹni tí ń wòran yóò fi rò pé ó ti sùn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìka yòókù á tú lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí aṣọ ìnura, aláìsàn á sì máa tì í síwájú, á máa fà á bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: láti orí aṣọ ìnura dé ìdí ife, láti ìdí ife dé orí ẹ̀pà tí a ń mú lẹ́yọ-lẹ́yọ. Mo sì rò pé ìda oyin tí àwọn ọmọ Igun, ẹgbẹ́ arọ́dẹ Ìbíní, fi ń mọ ère kí wọ́n tó da idẹ, tí ó le nígbà tí ó tutù tí ó sì ń rọ̀ bí ọwọ́ ti ń gbóná, ìbá dára fún iṣẹ́ yìí ju amọ̀ inú ike tí a ń rà láti òkè òkun lọ.

Ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ Ogden àti Franz di ìtọ́jú ènìyàn ni Edward Taub ti Alabama. Ó ní ọpọlọ tí ó bá ti gbìyànjú ọwọ́ náà tí kò jẹ́, a máa kọ́ láti gbàgbé rẹ̀, kódà nígbà tí agbára bá ti ń padà. Nítorí náà, a fi ìbọ̀wọ́ bo ọwọ́ tí ó yè ní ọ̀pọ̀ wákàtí ojúmọmọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tí ń ṣàìsàn á sì máa ṣiṣẹ́. Nígbà tí a dán an wò lára ènìyàn 222 tí a sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2006, ọwọ́ àwọn tí a ṣe é fún sàn ju ti àwọn yòókù lọ, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan. Ẹni tí ó bá ti lè gbé ọrùn ọwọ́ àti ìka rẹ̀ sókè díẹ̀ ni ó wà fún. Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ bá àwọn ẹbí wí, tìfẹ́tìfẹ́. Ìyàwó tí ń bu òkèlè sí bàbá lẹ́nu, ọmọ tí ń bá ìyá rẹ̀ de ìró, àánú ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọpọlọ ìbá fi rántí ọwọ́ ni wọ́n ń gbà kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ gbé ife sí ẹ̀gbẹ́ tí ó kú. Ẹ má sì fa apá náà láti gbé e dìde lórí ibùsùn, nítorí eegun èjìká tí iṣan kò gbé ró mọ́ a máa yẹ̀, ìrora rẹ̀ a sì mú kí aláìsàn kọ iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá.

Ní 2021, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń tẹ̀ sí abẹ́ awọ àyà, tí ń fi iná fọwọ́ tọ́ iṣan ìmọ̀lára kan ní ọrùn nígbà tí aláìsàn bá ń lo ọwọ́ rẹ̀. Yóò pẹ́ kí irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ ní Ugbowo. Ṣùgbọ́n àwọn tí a fi dán an wò kò bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́: wọ́n ń gbé nǹkan, wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ń ṣí ìdérí, wọ́n ń yí i padà, ó lé ní ìgbà 300 ní ìjókòó kan.