Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ J. P. L. Davies

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ la sábà máa ń fi òwe yìí tù nínú, ṣùgbọ́n létí ọ̀sà láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ ogun ni. Ní 1865, àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ ń gbé àwọn ará òkè dé Èkó láìfẹsẹ̀ kan Abẹ́òkúta. Glover tó ń ṣàkóso Èkó ló rán ọmọ ogun lọ tú wọn ká. Ẹ̀pẹ́ náà ní tirẹ̀. Ibẹ̀ ni Kòsọ́kọ́ Ọba Èkó àti Òṣòdì Tápà olóyè rẹ̀ sá lọ nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì lé wọn kúrò l'Ékòó ní ìparí 1851, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ ṣòwò tiwọn gba etíkun Palma.

Ọmọ Yorùbá kan wà lára àwọn tó lé Kòsọ́kọ́. James Pinson Labulo Davies ni, tí wọ́n bí sí Sàró ní 1828. Ẹrú tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ni àwọn òbí rẹ̀. Ó wọṣẹ́ ológun ojú omi ní 1849, ó di lẹfutẹ́náǹtì, ó sì fara gbọgbẹ́ nínú ogun Èkó ti 1851 náà. Èmi ò ní pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ọmọ ẹrú tó gbógun ti òwò ẹrú ni. Àmọ́ ilé onílé ló jóná lọ́jọ́ náà.

Ní 1852 ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, ó di ọ̀gá ọkọ̀ oníṣòwò. Ó fìdí kalẹ̀ l'Ékòó ní 1856, owó dé, ó sì fi £50 ṣèrànwọ́ fún CMS Grammar School tó bẹ̀rẹ̀ ní 1859. Ní 1862 ó gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó, ọmọ Ẹ̀gbádò tí Ọbabìnrin Victoria gbà tọ́. Lẹ́yìn náà ni gbèsè dé, òwò sì dojú dé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìbá ti jókòó ṣọ̀fọ̀ ni Davies ti wá ọ̀nà mìíràn. Ní 1879 ó gba irúgbìn kòkó láti inú ọkọ̀ Brazil kan àti láti Fernando Po, ó sì gbìn ín sí oko rẹ̀ ní Ijon. Kóró kòkó kì í dúró de ọ̀lẹ: tí a bá yọ ọ́ nínú èèpo, tó sì gbẹ, kò ní hù mọ́. Lójú tèmi, ẹni tó mọ ọkọ̀ àti iye ọjọ́ tí ìrìn-àjò ń gbà lórí omi ni iṣẹ́ náà tọ́ sí.

Davies kú ní 1906. Ní Agége nítòsí Ijon, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ J. K. Coker àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ kòkó di oko ńlá, àwọn alágbàṣe wọn ló sì gbé irúgbìn náà lọ sí ìlú wọn lókè.