Òkúta Ẹfun Onígbòlò: Ìtàn Òkúta Tí A Fọ́ ní Ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí

Àwọn àgbà a máa sọ pé òtútù kì í mú òkúta inú omi. Ọ̀rọ̀ yìí bá òkúta Onígbòlò mu gẹ́gẹ́. Ní agbègbè Issaba, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Pobè, amọ̀ dúdú ni ó bo ilẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, amọ̀ náà a di ẹrẹ̀ tí ń fa arìnrìn-àjò lẹ́sẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a gbẹ, a sì sán lọ́tùn-ún lósì. Lábẹ́ amọ̀ yìí ni òkúta ẹfun sùn sí, ó sì ti wà níbẹ̀ kí ọba kankan tó jẹ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìtàn bí a ṣe fọ́ òkúta náà jẹ́ ìtàn ilẹ̀, ti ààlà, àti ti ogún bàbá.

Ilẹ̀ tí ó dáàbò bo àwọn ọmọ rẹ̀

Àwọn Ọ̀họ̀rí ni wọ́n ni ilẹ̀ àbàtà náà láti ìgbà pípẹ́. Ẹrẹ̀ tí àlejò ń sá fún ni odi ìlú wọn. Nígbà tí ogun Dàhómì fọ́ Kétu ní ọdún 1886, tí ààfin Alákétu di ahoro títí di ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhómì, àbàtà Ọ̀họ̀rí kò rọrùn fún ọmọ ogun kankan láti là kọjá.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fọwọ́ sí ìwé tí ó pín ilẹ̀ Yorùbá apá ìwọ̀-oòrùn sí méjì. Kétu, Ọ̀họ̀rí, Pobè àti Sákétẹ́ bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó jẹ́ ọmọ Kétu, bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Ọ̀họ̀rí kò tètè tẹrí ba fún ìjọba tuntun náà. Owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti kíkó àwọn ọ̀dọ́ ṣe sójà mú kí wọ́n dìde sí àwọn Faransé láàrin ọdún 1914 sí 1915. Nínú ìjà yìí pẹ̀lú, ẹrẹ̀ àti igbó ló jẹ́ asà wọn.

Òkúta kò jẹ́ nǹkan kan lójú àwọn tí ń jà nígbà náà. Ojú ilẹ̀ ni wọ́n ń jà fún, nítorí ibẹ̀ ni oko wà, ibẹ̀ sì ni sàréè àwọn bàbá wọn wà.

Bí a ṣe ń fọ́ òkúta kí ẹ̀rọ tó dé

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni òkúta ti sá pamọ́. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Ìdàáṣà àti ní Abẹ́òkúta, àpáta líle yọ orí jáde lójú gbogbo ayé. Níbi tí àpáta bá ti dí ènìyàn lọ́wọ́, iná àti omi ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. A ó kó igi gbígbẹ jọ sí ara òkúta, a ó dáná sí i títí yóò fi gbóná janjan, a ó sì da omi tútù lé e. Ara òkúta tí ó ti wú nítorí ooru yóò sún kì lójijì, yóò sì sán. Ojú sísán yẹn ni òòlù àti irin ẹnu ṣóńṣó yóò gbà wọlé. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan: ìtàn Róòmù sọ pé irú ọ̀nà yìí ni Hannibal gbà la àpáta nígbà tí ó ń kó ogun rẹ̀ gba orí òkè Alps kọjá ní ọdún 218 ṣáájú ìbí Kristi.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó dáná, ó ní ohun tí ó gbọ́dọ̀ bi àwọn àgbà. Òkúta mìíràn wà tí í ṣe ojúbọ, òmíràn jẹ́ ààlà láàrin oko méjì, òmíràn sì jẹ́ ibi ìsádi, bí Olúmọ ti jẹ́ fún àwọn Ẹ̀gbá. Àgbẹ̀ tí òkúta rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí yóò ro oko yí i ká, yóò sì fi í sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Àṣà kò kọ fífọ́ òkúta. Ohun tí ó kọ̀ ni kí ènìyàn fọ́ òkúta láìmọ ohun tí òkúta náà ń sọ.

Ẹ̀rọ dé Onígbòlò

Òkúta ẹfun yàtọ̀ sí àpáta líle. Òkun ni ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, láti ara ìkarahun àti egungun ẹ̀dá inú omi. Ìpele òkúta yìí gùn láti Tabligbo ní ilẹ̀ Togo, ó gba abẹ́ Onígbòlò, ó sì dé Ewékorò ní ilẹ̀ Nàìjíríà, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1960. Àwọn tí wọ́n pín ilẹ̀ ní 1889 fa ìlà sórí ìwé. Òkúta tí ó wà nísàlẹ̀ kò gbọ́ nípa ìlà náà.

Láàrin ọdún 1970 sí 1980, ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà pinnu láti jọ fọ́ òkúta Onígbòlò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: Benin ní òkúta, Nàìjíríà sì ní owó epo àti ọjà tí ó gbòòrò. Ilé iṣẹ́ F.L. Smidth ti ilẹ̀ Dẹ́nmárkì bá wọn dá sí i. Báyìí ni a ṣe dá ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Onígbòlò sílẹ̀, èyí tí a kọ́ láti máa ṣe 500,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ní àkókò kan náà ni àwọn ìjọba méjèèjì ń dá ilé iṣẹ́ ṣúgà sílẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò jọ ti òòlù. A ó kọ́kọ́ gbé amọ̀ dúdú kúrò lórí òkúta. A ó lu ihò sí òkúta, a ó ki ẹ̀tù abúgbàù sínú rẹ̀, ìró kan ṣoṣo yóò sì ṣe ohun tí ogún ọkùnrin kò lè ṣe lóṣù kan. Ẹ̀rọ afọ́kúta yóò lọ̀ ọ́, a ó da amọ̀ pọ̀ mọ́ ọn, a ó sì sun ún nínú ìléru tí ooru rẹ̀ tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ohun tí ó bá jáde ni a ó tún lọ̀ di sìmẹ́ǹtì.

Ààlà tún dé

Ilé iṣẹ́ náà kò tíì fìdí múlẹ̀ dáadáa nígbà tí owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ pa, kò sì ṣí i tán títí di ọdún 1986. Ilé iṣẹ́ tí a kọ́ kí ó lè ta ọjà sí òdìkejì ibodè bá ara rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà tí a tì. Ìṣòro kan Tabligbo náà: ilé iṣẹ́ tí Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire jọ dá sílẹ̀ níbẹ̀ ti kógbá wọlé ní 1984. Nígbà tí ó yá, Onígbòlò kúrò ní ọwọ́ ìjọba, ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn aládàáni, Lafarge sì wà lára wọn. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ mìíràn tún dìde ní Massè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adja-Ouèrè tí kò jìnnà síbẹ̀.

Ta ni ó ni ohun tí ó wà nísàlẹ̀?

Ìbéèrè tí ó ṣẹ́kù nìyí. Nínú èrò Yorùbá, ilẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó ti kú, ti àwọn tó wà láàyè, àti ti àwọn tí a kò tíì bí. Ọba àti baálé kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òfin ìwakùsà sọ pé ìjọba ni ó ni ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀. Nítorí náà, ìdílé kan lè ni oko láti ìran dé ìran, kí ó má sì ní agbára lórí òkúta tí oko náà dúró lé. Ẹni tí ó bá pàdánù oko sí kòtò òkúta kò pàdánù iṣu àti àgbàdo nìkan. Orúkọ oko, ọ̀nà odò àti ojú oórì a máa bá a lọ.

A kò lè dá òkúta tí a ti fọ́ padà. Sìmẹ́ǹtì tí a fi òkúta ilẹ̀ yìí ṣe ti di ilé, ilé ìwé àti afárá, èyí sì jẹ́ àǹfààní tí kò ṣeé sẹ́. Ṣùgbọ́n ìtàn kò gbọ́dọ̀ bá òkúta lọ sínú ìléru. Ó yẹ kí àwọn ọmọ Ọ̀họ̀rí, Pobè àti Sákétẹ́, níbikíbi tí wọ́n bá wà, lọ bi àwọn àgbà léèrè orúkọ àwọn oko, ti àwọn ojúbọ àti ti àwọn ìdílé tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé, kí wọ́n sì kọ wọ́n sílẹ̀. Ó sì yẹ kí àwọn ọba àti àwọn ìjòyè fi ìwé bẹ́ẹ̀ síwájú ẹnikẹ́ni tí ó bá wá tọrọ ilẹ̀ láti wa kòtò tuntun, kí a tó lu ihò àkọ́kọ́. Ẹni tí kò mọ orúkọ oko bàbá rẹ̀ kò ní ohun tí yóò sọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀tù.