Àmì Abẹ́ Lẹ́tà àti Lẹ́tà Oge: Orúkọ Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin Nínú Ìtàn Ìwé Títẹ̀

Orúkọ ìlú Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin kò gùn, ṣùgbọ́n àdánwò ni fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé. Lẹ́tà ẹ̀ inú rẹ̀ ru àmì ohùn lórí, ó sì ní àmì lábẹ́. Ṣ náà ní tirẹ̀ lábẹ́. Bó ti wù kí lẹ́tà tí a fi tẹ̀ ẹ́ rẹwà tó, orúkọ náà kò pé láìsí wọn.

Lẹ́tà oge tí a ń rí lónìí lórí àkọlé ìwé ìròyìn àti orúkọ ọjà pilẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, lọ́wọ́ ìdílé Didot ní Faransé àti Giambattista Bodoni ní Ítálì. Ìlà kan nínú rẹ̀ nípọn, èkejì tín-ín-rín bí irun orí. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ẹwà rẹ̀.

Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ló gbòde ní Yúróòpù nígbà tí ìwé Yorùbá bẹ̀rẹ̀. Samuel Ajayi Crowther gbé ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Henry Townsend sì dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Òjé ni a ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà náà: ẹ ní òjé tirẹ̀, ẹ́ ní tirẹ̀, ẹ̀ sì ní tirẹ̀. Àpérò CMS ní Èkó ní 1875 jíròrò lórí àkọtọ́, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ mìíràn ní 1974, ṣùgbọ́n ìpinnu àpérò nìkan kò sọ òjé di lẹ́tà.

Kọ̀ǹpútà dín ìṣòro náà kù, kò pa á rẹ́. Èdè Vietnam pẹ̀lú ń lo ẹ àti ọ, nítorí náà fọ́ńtì tí a ṣe fún un máa ń ní méjèèjì. Ṣùgbọ́n èdè náà kì í lé àmì ohùn mìíràn lé wọn lórí, kò sì ní ṣ. Lẹ́tà ẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode. Ẹ àti àmì ohùn ni a ń so pọ̀, ẹni tó ya fọ́ńtì ló sì gbọ́dọ̀ pinnu ibi tí àmì yóò jókòó.

Nínú lẹ́tà oge, ìpinnu yìí ṣòro. Bí àmì bá tín-ín-rín, ó lè pòórá nígbà tí a bá tẹ lẹ́tà kéékèèké. Bí ó bá nípọn jù, ó lè ba ẹwà lẹ́tà jẹ́. Bí ìlà àkọlé bá sún mọ́ra, àmì abẹ́ lẹ́tà á kan àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀. Ó rọrùn nígbà náà láti yọ gbogbo wọn kúrò.

Àbájáde rẹ̀ hàn lára orúkọ ìlú yìí. A ń rí Imusin níbì kan, a sì ń rí Imushin níbòmíràn. H ló ń ṣe iṣẹ́ àmì tí kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, àmì kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ tí a ń fi kún lẹ́tà lẹ́yìn tó ti pé. Ara lẹ́tà ni, láti ìgbà tí a ti ń yà á.