Kì í ṣe YouTube ló kọ́kọ́ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń tún géèmù ọwọ́ ṣe 🧵

1/ Tí géèmù ọwọ́ bá bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ ní Ẹ̀pẹ́, o mọ ìrìn tó ń dúró dè ọ́. Wàá gba Itoikin já sí Ìkòròdú, wàá tún wọ ọkọ̀ míì kó o tó rí Computer Village n'Íkẹjà. Owó ọkọ̀ nìkan lè lé ọ padà sílé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fẹ́ kọ́ ọ fúnra wọn. Ẹ jókòó, ìtàn wà níbẹ̀ o.

2/ Ọdún 1989 ni Nintendo gbé Game Boy jáde. Gunpei Yokoi tó ṣáájú àwọn tó ṣe é ò wá ohun olówó gọbọi. Ohun tó ti wà nílẹ̀ tó sì pọ́ọ̀kú ló lò: sikirínì tí ò ní àwọ̀, tí ò ní iná, bátìrì AA mẹ́rin. Àmọ́ wọ́n fi sukúrù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dè é pa. Sukudíráífà ilé ò wọ̀ ọ́. Ìyẹn ni pé: jọ̀ọ́, má ṣí i.

3/ Lọ́dọ̀ tiwa, Brick Game ló pọ̀ jù. Tetris ló wà nínú ẹ̀, èyí tí Alexey Pajitnov ṣe ní Moscow ní 1984. Wọ́n á kọ "9999 in 1" sára ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé irọ́ ni 😂. Kò ní wáráńtì, kò ní ọ́fíìsì. Tó bá kú, ta lo fẹ́ dá a padà fún? Rẹ́dióníìkì àdúgbò ni.

4/ Ibo wá ni rẹ́dióníìkì ti kọ́ ọ? 1935 ni rẹ́díò onówáyà bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn. Asọ̀rọ̀mágbèsì ń bàjẹ́, tẹlifíṣọ̀n ń bàjẹ́, iṣẹ́ dé nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ á gbálẹ̀, á ra oúnjẹ ọ̀gá, á máa wo ọwọ́ ọ̀gá títí tó fi máa gba fíríìdọ̀mù. Kò sí ìwé. Ọwọ́ ọ̀gá ni ìwé. Ayọ́n àti mítà tí wọ́n fi ń tún rẹ́díò ṣe náà ni wọ́n gbé ti Brick Game.

5/ Àdúgbò tí èèyàn ń gbé ni Ọ̀tígbà n'Íkẹjà kó tó di ọjà kọ̀ǹpútà. GSM wọlé ní 2001, àwọn tó ń tún fóònù ṣe sì pọ̀ sí i. Nígbà tí PSP (2004) wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní tòkunbọ̀, wọ́n ṣí i, wọ́n rẹ́rìn-ín: bátìrì, ojú ṣájà, ríbọ́ọ̀nù sikirínì. Fóònù náà kọ́ lèyí?

6/ Kì í ṣe gbogbo tòkunbọ̀ ló dáa o. Ní 2005, Basel Action Network kọ ọ́ pé nǹkan bíi kọ̀ǹtínà 500 ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọ Èkó lóṣù kan, àti pé àwọn ará ọjà fojú bù ú pé 75% lè má ṣeé tún ṣe. Èyí tí wọn ò bá lè jí, wọ́n á tú ẹran ara ẹ̀ fi jí òmíì. Ìyókù di ààtàn.

7/ Tó o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tó ti kú.
– Bọ́tìnnì ò gbọ́? Fi òwú àti sípíríìtì nu rọ́bà dúdú abẹ́ ẹ̀.
– Omi bátìrì ti jò sára irin? Fínígà díẹ̀, kó o jẹ́ kó gbẹ dáadáa.
– Bátìrì PSP ti wú bíi puff-puff? Má gún un, má ṣájì í. Iná ló ń bọ̀ yẹn.

8/ Sony dá PSP ṣíṣe dúró ní 2014. Ẹni tó jókòó sábẹ́ agboòrùn, tó ní páálí bọ́ọ̀dù òkú lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ló kù tó ń gbé e ró. Fídíò á fi bọ́ọ̀dù hàn ọ́. Àmọ́ ọ̀gá á gbóòórùn ẹ̀, á ní "àyíká ṣájà ló jó", ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀.

9/ Ìmọ̀ yẹn ò sí nínú ìwé kankan. Tí ọ̀gá bá lọ, ó lọ nìyẹn. Iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba wà ní Odogunyan n'Íkòròdú, ó wà ní Odomola l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Ó yẹ kí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ dúró níwájú kíláàsì níbẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, gbé géèmù ẹ tó ti kú lọ bá wọn. Kí wọn dáadáa, ra omi tútù dání, bèèrè. Tí wọ́n bá gbà fún ẹ, ká ohùn wọn sílẹ̀.

Ta ni rẹ́dióníìkì àdúgbò yín? Ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀ 👇