Bí Àwọn Ọmọbìnrin Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Ṣe Gba Ẹ̀tọ́ Láti Díje Nínú Eré Họ́kì

Ọ̀rọ̀ eré ni a fẹ́ jọ kà lónìí. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Àwọn obìnrin kan fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ẹ̀tọ́ wọn nínú eré yìí. Wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ tipẹ́. Ohun tí wọn kò ní ni àyè láti bá ara wọn díje, kí a sì kéde ẹni tí ó borí ní gbangba.

Họ́kì ni orúkọ eré náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì rí i rí. Ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni a mọ̀ jù, àti bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń fi ọwọ́ jù sínú ilé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba Ìgólò kọjá sí Ìdí-Ìrókò, tí ẹ sì bá ọ̀nà lọ títí dé Ìbàdàn, ẹ lè rí àwọn ọmọbìnrin tó ń sọ Yorùbá bíi tiwa, tí wọ́n mú ọ̀pá họ́kì lọ́wọ́. Àwọn yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà máa ń pàdé nínú ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní NUGA. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1966, họ́kì sì wà lára àwọn eré ibẹ̀.

Kí ló dé tí ó wà lọ́hùn-ún tí kò sí lọ́dọ̀ wa? Ní ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó, wọ́n pín ilẹ̀ wa. Ẹni tó gba ilẹ̀ ni ó kọ́ ilé-ìwé síbẹ̀. Ẹni tó kọ́ ilé-ìwé ni ó mú eré tirẹ̀ wá fún àwọn ọmọ. Eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni họ́kì. Bí ó ṣe dúró sí ẹnubodè nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbá a. Ẹni mọ́kànlá ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, bíi ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Olúkúlùkù mú ọ̀pá kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ìkọ́ tí a fi ń ká èso. Ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀pá náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀gbẹ́ kejì rí roboto. Ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́ nìkan ni òfin gbà kí a fi gbá bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù náà kéré, ó sì le bí òkúta. Ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn án, àfi ẹsẹ̀ aṣọ́lé. A kò sì lè dúró lọ́nà jíjìn kí á gbá a wọ ilé. Ìlà kan wà níwájú ilé, ó tẹ̀ bí ìdajì òṣùpá. Inú ìlà yẹn ni a ti gbọ́dọ̀ gbá a kí gọ́ọ̀lù tó lè jẹ́ gọ́ọ̀lù. Ẹ rí i pé kì í ṣe eré ọ̀lẹ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn obìnrin ti dá ẹgbẹ́ họ́kì sílẹ̀ ní ọdún 1887, ní ìlú Molesey nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Aṣọ gígùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbálẹ̀ ni wọ́n wọ̀ tí wọ́n fi ń sáré. Ní ọdún 1895, wọ́n kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ kan fún gbogbo ilẹ̀ náà. Wọ́n tọ ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin lọ pé kí wọ́n gbà wọ́n mọ́ra. Àwọn ọkùnrin kọ̀. Àwọn obìnrin náà kò sunkún. Wọ́n ṣe òfin tiwọn pé ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ joyè nínú ẹgbẹ́ àwọn. Èmi fẹ́ràn ìdáhùn yẹn.

Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan ni ó gbé eré náà dé Amẹ́ríkà. Constance Applebee ni orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ eré ìdárayá ni. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1901, ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ díẹ̀ sí i ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Harvard. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé eré ọmọ kékeré ni wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin. Ó ní òun yóò fi eré tí àwọn obìnrin ilẹ̀ òun ń ṣe hàn wọ́n. Ọ̀pá gidi kò sí. Wọ́n wá ohun tí ó jọ ọ́, wọ́n sì gbá a nínú ọgbà lẹ́yìn ilé eré ìdárayá.

Obìnrin mìíràn, Harriet Ballintine, wà níbẹ̀. Òun ni olùkọ́ eré ìdárayá ní Vassar, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó jẹ́ ti àwọn obìnrin nìkan nígbà náà. Ó pe Applebee pé kí ó wá kọ́ àwọn ọmọ òun. Láti Vassar, Applebee lọ sí Smith, ó lọ sí Wellesley, ó lọ sí Mount Holyoke, ó lọ sí Bryn Mawr. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn obìnrin ni gbogbo wọn. Bí a bá ń sọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga nínú ìwé yìí, ẹ má ṣe rò ó bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwa. Ẹni tó ti jáde ìwé mẹ́wàá ni ó ń wọ ibẹ̀, bíi yunifásítì.

Eré náà tàn kálẹ̀. Ní ọdún 1922, wọ́n dá ẹgbẹ́ họ́kì àwọn obìnrin gbogbo Amẹ́ríkà sílẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ń gbá a, wọ́n ń gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdíwọ́ ńlá kan wà, ibẹ̀ gan-an sì ni ìtàn yìí ń lọ.

Wọn kò gbà kí àwọn ọmọbìnrin náà díje. Wọ́n lè ṣeré, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe du ipò kìíní. Àwọn dókítà kan ń sọ nígbà náà pé bí obìnrin bá sáré jù, ara rẹ̀ yóò bàjẹ́, kò ní lè bímọ dáadáa. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ máa ń ru igi ìdáná láti oko wálé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní ìfigagbága kò yẹ obìnrin, pé ó máa ń sọ wọ́n di oníjà. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ obìnrin, olùkọ́ eré ìdárayá fúnra wọn. Wọ́n ti rí bí owó àti ariwo ṣe ba eré àwọn ọkùnrin jẹ́. Wọn kò fẹ́ kí ó ba ti àwọn ọmọ wọn jẹ́. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ni ó jìyà rẹ̀.

Láti nǹkan bí ọdún 1923 ni wọ́n ti fi ọwọ́ líle mú un. Wọ́n dá ohun kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ eré. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò pàdé. Wọn kò ní jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ kan kojú èkejì. Wọ́n á da àwọn ọmọ gbogbo pọ̀, wọ́n á pín wọn sí ẹgbẹ́ tuntun, wọ́n á fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀yin pupa, ẹ bá àwọn aláwọ̀ ewé gbá a. Bí eré bá parí, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tó borí, kò sí èyí tó pàdánù. Gbogbo wọn á jókòó, wọ́n á mu tíì, wọ́n á jẹ bisikíìtì, wọ́n á sì túká. Ọmọbìnrin kan lè fi ọdún mẹ́rin gbá họ́kì nílé-ẹ̀kọ́ gíga kó má mọ̀ láéláé bóyá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n gbá jù.

Nígbà tí àṣà yìí ń lọ sópin, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kojú ara wọn. Owó kò tíì sí fún wọn síbẹ̀. Àwọn ọkùnrin ní mọ́tò, wọ́n ní aṣọ, wọ́n ní olùkọ́ tí à ń san owó fún. Àwọn ọmọbìnrin ní láti dín àkàrà òyìnbó kí wọ́n tà á, kí wọ́n tó rí owó ọkọ̀. Ẹni tó bá ti kiri ọjà torí owó ilé-ìwé ọmọ yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1972, Ààrẹ Richard Nixon fọwọ́ sí òfin kan. Gbólóhùn tó ṣe kókó nínú rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ 37 lọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń gba owó ìjọba kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun du ènìyàn nítorí pé obìnrin ni tàbí pé ọkùnrin ni. Ọ̀rọ̀ eré kò sí nínú gbólóhùn náà rárá. Ṣùgbọ́n eré wà nínú ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ń fún àwọn ọmọ. Bí òfin náà ṣe wọ pápá nìyẹn. Kò yí gbogbo nǹkan padà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ti ní ohun tí wọ́n lè fi ọwọ́ tọ́ka sí nínú ìwé.

Ní ọdún 1975, fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ilé-ẹ̀kọ́ gíga ṣe ìdíje họ́kì fún gbogbo Amẹ́ríkà. West Chester, láti ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ni ó borí. Ní ọdún 1901 ni Applebee dé. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 74 ni ó kọjá láàárín àkókò tí wọ́n kọ́kọ́ mú ọ̀pá àti àkókò tí wọ́n gba ife.

Ọmọbìnrin kan wà tí ìdíje yìí kò dé bá nílé-ẹ̀kọ́. Beth Anders ni orúkọ rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ursinus ni ó lọ, ní Pennsylvania kan náà. Ọdún 1973 ni ó parí, ọdún méjì kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń bá eré lọ, ó sì wọ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ní ọdún 1979, ẹgbẹ́ náà ṣe ipò kẹta láyé ní ìlú Vancouver, ní Kánádà. Nípa bẹ́ẹ̀ wọ́n gba àyè láti lọ sí Òlíńpíìkì ti Moscow, níbi tí àwọn obìnrin yóò ti kọ́kọ́ gbá họ́kì. Àwọn ọkùnrin ti ń gbá a ní Òlíńpíìkì láti ọdún 1908.

Wọn kò lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 1979, ìjọba Sófíẹ̀tì kó ọmọ ogun wọ Afgánístánì. Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní kí orílẹ̀-èdè òun má ṣe lọ sí Moscow. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tẹ̀ lé e. Orílẹ̀-èdè Benin tiwa lọ ní tiwa. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ẹgbẹ́ họ́kì obìnrin tí wọ́n ti yàn tẹ́lẹ̀, Sófíẹ̀tì nìkan ni ó kù. Wọ́n ní láti wá àwọn mìíràn kíákíá.

Sìmbábúè wà lára àwọn tí wọ́n pè. Ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1980 ni ilẹ̀ náà gba òmìnira. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi múra. Wọn kò tíì gbá bọ́ọ̀lù rí lórí koríko àtọwọ́dá bí èyí tó wà ní Moscow. Síbẹ̀ wọ́n na Pólándì 4 sí 0, wọ́n na Sófíẹ̀tì nílé ara rẹ̀ 2 sí 0, wọ́n bá Ṣẹkosilofákíà àti Íńdíà ta ọ̀mì. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje, wọ́n na Ọ́stríà 4 sí 1. Àmì-ẹ̀yẹ wúrà di tiwọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ ọ́ pé wọ́n ṣèlérí màlúù kan fún obìnrin kọ̀ọ̀kan, àti pé nígbà tí wọ́n délé, ẹran gígé nínú àpò ni wọ́n rí gbà.

Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn mẹ́rìndínlógún náà, aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn. Kò sí ọmọbìnrin dúdú kan ṣoṣo nínú wọn. Kì í ṣe pé àwọn ọmọbìnrin dúdú kò lè sáré. Lábẹ́ ìjọba Ròdésíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kógbá sílé, ilé-ìwé funfun yàtọ̀, ilé-ìwé dúdú yàtọ̀. Ilé-ìwé funfun ni ó ní pápá dáadáa àti ọ̀pá.

Ní oṣù kìíní ọdún 1981, Constance Applebee kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ ńlá tó ń ṣètò eré àwọn ọkùnrin ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí wọ́n ń pè ní NCAA, bẹ̀rẹ̀ ìdíje họ́kì fún àwọn obìnrin. Connecticut ni ó gba ife àkọ́kọ́.

Beth Anders ńkọ́? Ó dúró de Òlíńpíìkì mìíràn. Ní Los Angeles ní ọdún 1984, gọ́ọ̀lù 8 ni ó gbá sínú ilé. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí àyè àwọn òǹwòran, wọ́n ń wo bí Họ́láńdì ṣe ń bá Ọsirélíà gbá. Họ́láńdì na Ọsirélíà 2 sí 0. Bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀, Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà wá dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Ni wọ́n bá pe àwọn ọmọbìnrin náà sọ̀kalẹ̀ láti orí ìjókòó wọn. Wọ́n ní kí ìhà méjèèjì máa gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan sí aṣọ́lé kan. Amẹ́ríkà gbá 10 wọlé, Ọsirélíà gbá 5. Àmì-ẹ̀yẹ idẹ di ti Amẹ́ríkà.

Ní gbogbo àkókò yẹn, Anders tún ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Old Dominion, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ó ń kó wọn lọ sí ìdíje tí òun fúnra rẹ̀ kò rí nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n gba ife ní ọdún 1982, wọ́n tún gbà á ní 1983 àti 1984. Nígbà tí ọdún 2000 fi máa parí, ife mẹ́sàn-án ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbà.