Alùpùpù Àtijọ́ láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ìdámọ̀ àti Ìtọ́jú Wọn

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti bá ènìyàn mu, bẹ́ẹ̀ ni ó bá ẹ̀rọ mu. Ẹ̀rọ náà ní ilé tí a ti bí i, ó sì ní àmì ìdílé lára. Ẹni tí kò bá mọ ilé náà yóò fún un ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, yóò sì tọ́jú rẹ̀ bí a kì í ti í tọ́jú irú rẹ̀. Ọ̀ràn àwọn alùpùpù àtijọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí ilẹ̀ wa nìyí.

Gbaji jẹ́ ibi tí ó yẹ láti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ó wà lójú títì tí ó ti Àgbádárìgì lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Kí ó tó di ọdún 1960, Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣe ìjọba níhà ìlà-oòrùn ẹnubodè yẹn. Faransé ni ó ń ṣe é níhà ìwọ̀-oòrùn, ní Dàhòmì, tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Bẹ̀nẹ̀ ní 1975. Àwọn Ògù tí wọ́n ní ìbátan níhà méjèèjì mọ̀ pé kì í ṣe èdè ìjọba nìkan ni ó yàtọ̀. Ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà lọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ tí ń kù lójú ọ̀nà náà yàtọ̀. Lọ́dọ̀ Faransé, Mobylette tí ilé iṣẹ́ Motobécane bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1949 ni ó gbayì. Lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BSA, Triumph, Norton àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ni.

Birmingham àti Coventry ni orírun púpọ̀ nínú wọn. Àwọn oníṣẹ́ ìbọn ni wọ́n para pọ̀ dá BSA sílẹ̀ ní Birmingham ní 1861. Ìdí nìyí tí ìbọn mẹ́ta tí a fi ti ara wọn fi jẹ́ àmì rẹ̀. Siegfried Bettmann, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó fi Triumph sọ òwò rẹ̀ ní 1886. Kẹ̀kẹ́ ni ó ń tà kí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Coventry tó ṣe alùpùpù àkọ́kọ́ ní 1902. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, BSA ṣe ju 120,000 lọ nínú irú tí a ń pè ní M20 fún àwọn ọmọ ogun. Lẹ́yìn ogun, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba àwòrán ẹ̀rọ RT125 ti ilé iṣẹ́ DKW ní Jámánì gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn ogun. Láti inú àwòrán yìí ni BSA ti ṣe Bantam ní 1948. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n Jámánì ni ó ti ṣẹ̀ wá.

Bantam kéré, kò jẹ epo púpọ̀, àtúnṣe rẹ̀ kò sì le. Irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ bá ọ̀nà eléruku mu. Ní àkókò náà, alùpùpù kì í ṣe ohun èlò gbogbo ènìyàn. Ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn, àwọn tí ń yẹ kòkó wò àti àwọn tí ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò ni wọ́n sábà máa ń gùn ún. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ilé ẹ̀kọ́ di púpọ̀, iṣẹ́ àbẹ̀wò sì di púpọ̀ pẹ̀lú. Abẹ́ ìjọba yìí ni Àgbádárìgì wà títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Nítorí náà, alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ apá kan nínú ìtàn ẹ̀kọ́ àti ìtàn iṣẹ́ ìjọba ní ilẹ̀ yìí.

Ògo náà kò pẹ́ lọ títí. Ní 1969, Honda ti Japan gbé CB750 jáde. Bọ́tìnì ni wọ́n ń tẹ̀ láti fi ṣí i, kì í sì í jo epo bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kékeré tí Honda, Suzuki àti Yamaha ń ṣe sì wọ́n níwọ̀n. Ní 1973, gbèsè ti mú kí BSA di ara Norton Villiers Triumph. Ní 1983, ilé iṣẹ́ Triumph tí ó wà ní Meriden ti ilẹ̀kùn. Ọdún kan náà ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn ènìyàn yá orúkọ rẹ̀ fún alùpùpù akérò. Ìgbà tí àwọn ènìyàn fi ń pe alùpùpù ní ọ̀kadà, ti Japan ni wọ́n ń gùn. Ti Gẹ̀ẹ́sì ti di ohun ẹ̀yìn ilé, tí adìyẹ ń sùn lé lórí.

Báwo ni a ó ṣe dá èyí tí ó ṣẹ́kù mọ̀? Ọ̀dà kọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè kun irin. Lóòótọ́, Bantam àkọ́kọ́ ní àwọ̀ ewé tí ó ṣì, pẹ̀lú àwòrán àkùkọ kékeré lára táńkì epo rẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè yọ táńkì kan kí a sì gbé òmíràn sí i. Ibi tí òtítọ́ wà ni nọ́ńbà tí a lù mọ́ irin. Ọ̀kan wà lára ẹ́ńjìnnì, èkejì wà lára férémù, lẹ́bàá ọrùn tí ọwọ́ alùpùpù ti ń yí. Lẹ́tà YD wà lára nọ́ńbà àwọn Bantam àkọ́kọ́. Láti 1969, BSA àti Triumph ń fi lẹ́tà méjì síwájú nọ́ńbà: èkíní ń sọ oṣù, èkejì ń sọ ọdún. A ni oṣù kìn-ín-ní, B ni oṣù kejì. C ni 1969, D ni 1970, E sì ni 1971. Ẹni tí ó bá rí AD mọ̀ pé oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970 ni a ṣe é. Bí Royal Enfield bá sì ni, kí ó bèèrè ilé tí ó ti wá: ṣíṣe rẹ̀ parí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1970, ṣùgbọ́n láti 1955 ni ilé iṣẹ́ kan ti wà ní Madras ní Íńdíà, tí ìran rẹ̀ kò sì tíì parẹ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Láti inú ìdámọ̀ ni ìtọ́jú ti ń wá. Ọ̀pọ̀ alùpùpù wọ̀nyí ni ó bàjẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ó rò pé ti Japan ni ó wà níwájú òun. Títí di ìparí àwọn ọdún 1960, ìwọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣẹ̀ láti ọwọ́ Joseph Whitworth ní 1841 ni wọ́n sábà fi ń ṣe nọ́ọ̀tì wọn. Sípánà tí a kọ 1/4 W sí lára fẹ̀ tó nǹkan bíi milimítà 13.3 lẹ́nu. Sípánà 13 kò ní wọ ibẹ̀. 14 yóò wọ ọ́, yóò sì máa yọ̀ títí yóò fi họ igun nọ́ọ̀tì náà dànù. Bẹ́ẹ̀ ni ti bátìrì: nínú púpọ̀ wọn, ojú tí ó ní àmì àròpọ̀ ni a ń so mọ́ férémù. Ẹni tí ó bá so ó bíi ti Japan yóò jó ohun tí kò rọrùn láti rí rà. Bantam kò gbọ́dọ̀ mu bẹntiróòlù lásán. Inú bẹntiróòlù rẹ̀ ni a ń po ọ́ìlì mọ́. Ní ti àwọn ńlá tí táńkì ọ́ìlì wọn dá wà, ọ́ìlì lè ṣàn lọ sísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì bí wọ́n bá pẹ́ ní ìdúró. Kí a fà á jáde kí a tó tẹ̀ ẹ́. Bíréèkì ẹsẹ̀ wọn wà lósì, gíà wà lọ́tùn-ún, kí ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò ṣọ́ra.

Ní etíkun bíi Àgbádárìgì, ọ̀tá mìíràn tún wà: atẹ́gùn òkun. Iyọ̀ inú rẹ̀ ń mú kí sípóòkì, ríìmù àti ṣéènì tètè dógùn-ún. Omi kànga tí kò níyọ̀ ni kí a fi fọ̀ wọ́n, kí a nù wọ́n gbẹ, kí a sì fi ọ́ìlì pa wọ́n.

Ṣùgbọ́n ìpáàrà nìkan kọ́ ni ń pa ìtàn run. Ẹni tí ó fẹ́ kí alùpùpù bàbá rẹ̀ dán lè fi fáìlì ha ojú férémù rẹ̀, kí nọ́ńbà sì bá a lọ. Lójú ọ̀nà ẹnubodè, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè ti ń yẹ ìwé ọkọ̀ wò, irin tí a ti ha nọ́ńbà rẹ̀ lè sọ ajogún olóòótọ́ di ẹni tí a fura sí. Ìyẹn nìkan kọ́. Nọ́ńbà náà ni ẹ̀rí ọdún tí a ṣe ẹ̀rọ náà àti ilé tí ó ti jáde. Bí ó bá ti parẹ́, irin lásán ni ó kù, tí àwọn tí ń ra àlòkù irin yóò wọ̀n ní kílò.

Iṣẹ́ yìí kan àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò pọn dandan kí ilé ẹ̀kọ́ ra alùpùpù àtijọ́ kí ó tó lè tọ́jú ìtàn rẹ̀. Ìwé àjákọ kan àti pẹ́ńsù tó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ onílé, kí ó kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti férémù, kí ó sì bi àgbà ilé léèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ gùn ún, iṣẹ́ tí onítọ̀hún fi ṣe àti ọ̀nà tí ó máa ń gbà. Irin lè dákẹ́ fún ogójì ọdún kí ó ṣì tún ké. Àgbà tí ó mọ ẹni tí ó gùn ún ni kì í dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.