Híítà Gáàsì Aláìníṣímínì: Ìlò àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Híítà gáàsì aláìníṣímínì ni ẹ̀rọ amúlégbóná tí wọ́n ṣe bí ìtì igi tó ń jó, tó ń lo gáàsì, ṣùgbọ́n tí kò ní ọ̀nà kankan tí ẹ̀gbin iná rẹ̀ lè gbà jáde síta. Sẹ̀rámíìkì ni wọ́n fi ń mọ ìtì igi náà; kì í jó, iná abẹ́ rẹ̀ ló ń mú un pọ́n. Amẹ́ríkà ló ti wọ́pọ̀ jù, pàápàá ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù bíi Texas àti Georgia, níbi tí òtútù kì í ti í pẹ́, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sì fi ṣe ibùgbé. Kò ṣòro láti mọ ìdí tí wọ́n fi ń rà á: kò sí ṣímínì tí wọn yóò kọ́, ooru rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣòfò rárá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná mànàmáná bá lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe yọ ṣímínì kúrò, iṣẹ́ tí ṣímínì ń ṣe ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó ni híítà ló jogún rẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo òfin ìlò àti ìtọ́jú rẹ̀ ti wá.

Ohun tí iná náà ń tú sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Bí gáàsì bá jó dáadáa, kábọ́ọ̀nù dàìósáídì àti omi ló ń jáde. Híítà tí agbára rẹ̀ jẹ́ 30,000 BTU (òṣùwọ̀n ooru ni BTU) lè tú omi tó ju lítà kan lọ sínú afẹ́fẹ́ yàrá láàárín wákàtí kan. Ojú kì í rí i lójú ẹsẹ̀. Ara gíláàsì fèrèsé tó tutù ló ti máa ń sẹ̀, tí kò bá sì ríbi jáde fún ọjọ́ púpọ̀, igi fèrèsé àti kọ̀rọ̀ ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Gbígbóná iná tún ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di náítírójìn dàìósáídì, tó ń ta ọ̀nà èémí, tó sì ń yọ ẹni tó ní ikọ́ fée lẹ́nu. Bí gáàsì kò bá jó tán, kábọ́ọ̀nù mónósáídì á wáyé. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó ju 200 lọ ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn. Òun kan náà ni jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tàn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi ń pa ará ilé mọ́jú ní Nàìjíríà.

Àwọn tó ń ṣe híítà náà á dáhùn pé ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ́síjìn. Òótọ́ ni, iṣẹ́ ọgbọ́n sì ni. Iná kékeré kan tó ń jó láìkú ló ń gbóná sí ṣóńṣó irin kan. Ooru yẹn ń di iná mànàmáná díẹ̀, òun ló ń di ẹnu ọ̀nà gáàsì mú ní ṣíṣí. Bí ọ́síjìn yàrá bá lọ sílẹ̀ láti nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún sí nǹkan bí 18, iná kékeré náà á gbéra kúrò lára irin, irin á tutù, gáàsì á sì tì. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn nìkan ló ń ṣọ́. Kò mọ kábọ́ọ̀nù mónósáídì, kò mọ náítírójìn dàìósáídì, kò sì mọ omi. Ìtì igi tó yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ lè máà jẹ́ kí gáàsì jó tán nínú yàrá tí ọ́síjìn rẹ̀ ṣì pé. Nítorí náà, aago tó ń kígbe fún kábọ́ọ̀nù mónósáídì gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kí òmíràn sì wà níbi tí wọ́n ń sùn.

Títóbi yàrá ni ọ̀rọ̀ kejì. Ìlànà gáàsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ka 50 ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì (ìbú lọ́nà òró lọ́nà gíga) sí àyè tó tó fún 1,000 BTU. Híítà oní 30,000 BTU nílò 1,500. Yàrá tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 15, tó fẹ̀ ní 12, tí àjà rẹ̀ sì ga ní 8, jẹ́ 1,440 péré: pálọ̀ tó dà bí èyí tó tóbi kò tó fún un bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì. Wọn kì í fàyè gba ju 10,000 BTU lọ ní yàrá ìsùn, tàbí 6,000 ní balùwẹ̀. Ilé tuntun tí wọ́n dí gbogbo ihò rẹ̀ nítorí òtútù tún léwu ju ilé àtijọ́ lọ, torí afẹ́fẹ́ kì í yọ́ wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá tan híítà yìí ní láti ṣí fèrèsé díẹ̀, kó pa á lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, kó má sì sùn tì í.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò gba àìbìkítà. Eruku, irun ajá àti òwú aláǹtakùn ni ọ̀tá iná kékeré náà. Bí ó bá dúró dáadáa, aláwọ̀ búlúù ni, ó sì ń bo ṣóńṣó irin mọ́lẹ̀; bí ó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí tó ń mì, ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dí. A ó ti gáàsì, a ó jẹ́ kó tutù, a ó fi afẹ́fẹ́ inú agolo fẹ́ eruku dànù. A kì í fi abẹ́rẹ́ gún un, torí ihò tó bá fẹ̀ sí i ti di ihò mìíràn. Ìtì igi kọ̀ọ̀kan ní àyè tí ìwé ẹ̀rọ náà yà fún un. Bí iná bá ń kọlu ara rẹ̀, dúdú èéfín á gbà á. Bí òórùn gáàsì bá ń rùn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnì iná mànàmáná. Kí wọ́n jáde, kí wọ́n sì pe àwọn tó mọṣẹ́. Kí ìgbà òtútù tó dé lọ́dọọdún, kí oníṣẹ́ gáàsì yẹ gbogbo rẹ̀ wò.

Ẹnìkan lè béèrè pé, bí a ó bá ṣí fèrèsé, kí ni èrè híítà tí ooru rẹ̀ kì í ṣòfò? Ohun tó dá ooru dúró sínú ilé náà ló dá ẹ̀gbin dúró. A kò lè gba ọ̀kan ká kọ èkejì. Ẹlòmíràn á ní sítóòfù gáàsì náà ń jó nínú ilé. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà sì ń tú náítírójìn dàìósáídì, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìgbà tí ọbẹ̀ fi ń jinná ni wọ́n fi ń tàn án, kì í ṣe láti ìrọ̀lẹ́ dé òru. Àtakò tó wúwo jù ni ti oṣù Èrèlé ọdún 2021 ní Texas, nígbà tí yìnyín dé, tí iná mànàmáná lọ fún ọjọ́ mélòó kan, tí àwọn kan sì gbé èédú àti jẹnẹrétọ̀ wọlé, tí kábọ́ọ̀nù mónósáídì sì pa lára wọn. Híítà tí wọ́n tọ́jú dáadáa sàn ju ìyẹn lọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìlò rẹ̀ náà nìyẹn: ìrànwọ́ ni, kì í ṣe ohun tí ilé á gbójú lé láti alẹ́ dé àárọ̀. California kò gbà kí wọ́n tà á fún ilé gbígbé, Kánádà náà kò sì fàyè gbà á nínú ilé. Ẹni tó ní ọmọ ọwọ́, arúgbó tàbí ẹni tó ní ikọ́ fée nílé kò ní kábàámọ̀ bí ó bá san owó ṣímínì. Ẹni tí kò bá sì lè ṣe iṣẹ́ ṣímínì fúnra rẹ̀ ní gbogbo alẹ́ òtútù, kó má ra híítà yìí.